ỌNÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ: ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ KÒ FẸ́RÀN ÌTÀN MÉRÌÍYÌÍRÍ

 Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ẹnìkan bá gba ọ̀nà Ìkirun wọ̀ ọ́, ẹlòmíràn lè gba ọ̀nà Òkukù. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí olúkúlùkù dé ibi tí àtẹ wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé kíkà rí. Òmíràn nínú wa fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, òmíràn fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́, òmíràn kò sì ní ka ohunkóhun àfi ìtàn ogun àti ìtàn ìlú. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ ìwé tí iwin àti ànjọ̀nnú wà nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wa a yínmú. Àwọn kan a ní ìwé ọmọdé ni. Àwọn mìíràn a ní irọ́ ni. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni mo torí wọn kọ àpilẹ̀kọ yìí. N kò bá wọn jà. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà wọ ọjà ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n.

Àpótí kan ní Inísà

Ní ọdún 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, ilé wa ní Inísà ni mo wà. Àpótí pákó kan wà nínú yàrá bàbá mi àgbà tó ti dolóògbé. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n nígbà ayé wọn, ìwé Yorùbá ló sì kún inú àpótí náà dé ẹnu. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tún yàrá náà ṣe kí ayálégbé lè wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní kí n gbé àpótí náà lọ fún ìyá alákàrà, kí ó máa fi ìwé inú rẹ̀ di àkàrà fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tó ṣiṣẹ́ reluwé kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, “Yọ ti Òkédìjí fún mi o. Kó ìyókù lọ. Irọ́ iwin ni gbogbo rẹ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ohun tí mo wọ yunifásítì lọ kọ́ nìyẹn. Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dára. Bí mo bá rí ènìyàn mẹ́ta nínú agbo ilé tí yóò ka ìwé iwin kan parí kí oṣù méjì tó pé, kí àpótí náà dúró. Bí n kò bá rí, kí ìyá alákàrà wá gbé e.

Ohun tí mo rí nínú oṣù méjì yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kí ni ìtàn mérìíyìírí?

Nígbà tí Yorùbá bá rí ohun tí ojú kò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n a ní àrà mérìíyìírí ni. Ìtàn àròsọ mérìíyìírí ni èyí tí irú àrà bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀: ẹranko tó ń fọhùn, iwin tó ń gbéyàwó, odò tó ní ìlú nísàlẹ̀, ọ̀nà tó já sí ìlú àwọn òkú. Ìtàn ojúmitó ni ìkejì rẹ̀, ìyẹn èyí tí ohun inú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa lónìí.

D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ni àgbà nínú àwọn tó kọ irú ìtàn yìí ní èdè Yorùbá. A bí i ní 1903. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde ní 1949. Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje jáde ní 1954. Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní 1961. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni Fágúnwà kú sínú odò ní agbègbè Bídà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀, bí J. Ògúnṣínà Ògúndélé tó kọ Ibú-Olókun ní 1956, àti D. J. Fátànmí tó kọ K’orímálẹ̀ nínú Igbó Àdìmúlà ní 1967.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan là ń ṣe é. Ní 1937, ọdún kan ṣoṣo kí Ògbójú Ọdẹ tó jáde, ni J. R. R. Tolkien tẹ ìwé The Hobbit jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà kọ ìtàn àwọn tó kúrò nílé lọ sí òkè tó jìnnà, tí wọ́n bá abàmì ẹ̀dá pàdé lọ́nà. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn. Àgbàlagbà ń ka ti òyìnbó yẹn títí di òní, kò sì sí ẹni tó ń pè wọ́n ní ọmọdé.

Fún ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Ọ̀dọ̀ Bàbá Kékeré ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí pé bí mo bá ṣẹ́gun wọn, mo ti ṣẹ́gun ilé. Wọ́n ti ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ti 1971 títí ẹ̀yìn ìwé fi ya. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Wọ́n ní, “Ewu. Àti pé n kì í mọ ohun tó kàn.”

Mo ní kí wọ́n ka ibẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ, ibi tí Àkàrà-ògùn ti ń sọ̀rọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ àjẹ́. Ọdẹ yìí yìnbọn fún àgbọ̀nrín kan nínú oko ilá. Ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ipa ẹ̀jẹ̀ náà sì já sí ilé òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Lápàdé, ẹ sọ fún mi: ipa ẹ̀jẹ̀ tó gba inú oko dé ẹnu ọ̀nà ilé ọdẹ, kí ló tún kù tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń wá? Àti pé apànìyàn inú ìtàn náà kò mọ̀ pé apànìyàn ni òun.

Bàbá Kékeré ka ibẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀, wọn kò kí mi. Wọ́n kàn ní, “Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún yìí, báwo ni ọmọkùnrin náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?” Mo ní kí wọ́n kà á. Ọ̀rọ̀ parí.

Nítorí náà, bí ìwọ bá jẹ́ olólùfẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, má ṣe wá iwin nínú Fágúnwà. Wá ewu. Ka àpá kìíní Ògbójú Ọdẹ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀daràn. Ohun kan náà ni òǹkọ̀wé méjèèjì ń tà fún ọ, ìyẹn ìpayà àti ọgbọ́n àbọ́yọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé òpópónà Ìbàdàn ni Lápàdé ti ń sáré, inú igbó sì ni Àkàrà-ògùn ti ń sá tirẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, àwọn gan-an ló ní kí n gbé àpótí lọ. Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n wo sinimá rẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997, wọ́n sì tún wá ìwé rẹ̀ kà. Wọ́n lè dá Àjàní lẹ́jọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mi ò fún wọn ní Ògbójú Ọdẹ, nítorí ìdí kan tí n óò sọ láìpẹ́. Àdììtú Olódùmarè ni mo fún wọn. Nínú gbogbo ìwé Fágúnwà márààrún, òun ló súnmọ́ ìtàn ojúmitó jù lọ. Ọmọ tálákà paraku ni Àdììtú. Ìyà lé e wọ inú igbó, ó jàjà di olówó, ó wá rí Ìyùnadé, ìfẹ́ sì kọ lù ú. Lẹ́tà ìfẹ́ ni àwọn méjèèjì ń kọ síra wọn. Lẹ́tà náà gùn, ó dùn, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín, torí pé ọkùnrin tó ti fojú rí gbogbo nǹkan nínú igbó ni jìnnìjìnnì bò nígbà tó fẹ́ bá omidan sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, èmi ń ka lẹ́tà sókè. Àwọn oníbàárà tó wá gba aṣọ kò lọ mọ́. Obìnrin kan ní irú lẹ́tà báyìí ni ọkọ òun kọ sí òun nígbà kan, kí ó tó di pé ó ń fi tẹlifóònù pè é pé kí ó wá bu oúnjẹ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé orí àwọn òbí Àdììtú, tí ìyà ti yà nípa sí ọmọ wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Àwọn náà ní ọmọ kan tó ti lọ sókè òkun, tó ti pẹ́ tí a ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. N kò rántí ìyẹn nígbà tí mo mú ìwé náà. Mo fẹ́ dá ìwé kíkà dúró. Wọ́n ní kí n máa kà á lọ.

Fún ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ìlú àti ìtàn ogun

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní agbo ilé wa tó jẹ́ pé bí o bá bi wọ́n léèrè ọ̀nà, ìtàn ogun ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Àwọn ni wọ́n wonkoko mọ́ ọn pé irọ́ ni ìwé iwin. Mo rọra bi wọ́n pé, “Bàbá, báwo ni odò Ọ̀tìn ṣe jẹ́?”

Wọ́n sọ fún mi bí gbogbo ará Inísà ṣe ń sọ ọ́: pé obìnrin alágbára ni Ọ̀tìn, pé ó wá láti Ọ̀tan láti gba ìlú wa lọ́wọ́ ọ̀tá, àti pé nígbẹ̀yìn ó di odò. Wọ́n tún fi kún un pé nínú odò yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun tó ń sá fún Ìbàdàn ń já sí nígbà ogun Ìkirun ní 1878, tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Wọ́n sọ méjèèjì pọ̀ láìmí, obìnrin tó di odò àti ogun tó ní ọdún nínú ìwé ìtàn. Odò kan náà ló gbé méjèèjì. Orúkọ odò náà ni ìjọba ìbílẹ̀ wa ń jẹ́, Odò-Ọ̀tìn.

Mo ní, “Bàbá, ta ló rí i nígbà tí obìnrin náà di odò?” Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kì í ṣe ìyẹn ni ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹnìkan kò jẹ́ kí ìlú yìí parun.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, bàbá ti sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. A kò ka ìtàn mérìíyìírí láti mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀. A ń kà á láti mọ ohun tí àwọn tó ń pa á kò fẹ́ gbàgbé.

Àpá ìkẹyìn Ògbójú Ọdẹ ni mo fún wọn. Ìwé kan náà tí mo fún Bàbá Kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni mo gbà wọ̀ ọ́. Níbẹ̀, ọba rán àwọn ọdẹ akọni lọ sí Òkè Lángbódó láti lọ mú ohun tí ìlú yóò fi tòrò wá. Olúkúlùkù ló ní iṣẹ́ tirẹ̀: Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn, Ẹfọ́ìyẹ ní ọfà. Kò sí ẹni tó lè dá ọ̀nà náà rìn. Ẹ rántí pé 1938 ni ìwé yìí jáde, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa, ọdún méjìlélógún kí a tó gba òmìnira. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé nígbà tí Wálé Ògúnyẹmí ń kọ eré Langbodo, tí wọ́n ṣe níbi àjọ̀dún FESTAC ní 1977, ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ló rí nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ìlú yóò rí ìlú níbẹ̀.

Fún ẹni tó jẹ́ pé sinimá nìkan ló ń wò

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló pọ̀ jù nínú èyí. Wọ́n ní àwọn kì í ka ìwé iwin, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló jókòó wo Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022, níbi tí ẹyẹ Àkàlà ti jí òkú Sàró, ahunṣọ. Kò sí ẹni tó dìde pé irọ́ ni.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, Amos Tutuola ni kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Tutuola. Ó kọ The Palm-Wine Drinkard ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ìtàn ọ̀mùtí kan ni, tí adẹ́mu rẹ̀ já lórí ọ̀pẹ, tó kú, tí ọ̀mùtí náà sì gbéra láti wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Inú rẹ̀ ni ọkùnrin arẹwà kan wà tó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Bó ṣe ń lọ sílé ló ń dá a padà fún àwọn tó ni ín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ẹni tó bá ti wo sinimá rí yóò rí àwòrán yìí lójú rẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá tilẹ̀ ti sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní 1963, tó pè é ní Ọ̀mùtí.

Fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ń bẹ̀rù iwin

Ìyá mi ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ orúkọ ẹ̀mí àìmọ́ nínú yàrá àwọn. Mo ṣàlàyé pé onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, pé ó ṣe olùkọ́ ní St. Andrew’s ní Ọ̀yọ́, pé ìwàásù sì kún inú ìwé rẹ̀. Mo ní láti 1866 ni David Hinderer ti túmọ̀ ìwé John Bunyan, The Pilgrim’s Progress, sí Yorùbá, àti pé òmìrán àti ẹ̀mí burúkú wà nínú èyí tí àwọn ìjọ ń kà yẹn náà. Ìyá mi gbọ́. Wọ́n ka ibi tí Ìrágbèje ti ń kọ́ àwọn ọdẹ ní ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ méje, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n wọn kò ka ìyókù. Wọ́n ní kí n má ṣe kà á ní alẹ́. Mo gbà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò wọ ọjà, ẹni tó bá sì dé ẹnu ọ̀nà ọjà náà ti rìn.

Àléébù àwọn ìwé wọ̀nyí

Kò ní dára kí n yin ìwé wọ̀nyí láìsọ àléébù wọn.

Èkíní, ìwàásù Fágúnwà a máa gùn. Ẹni tó bá sú lè fò ó, kí ó padà sí i nígbà mìíràn.

Èkejì, obìnrin kò rí ojúrere tó nínú wọn. Nígbà tí ìyàwó Kàkó di ọkọ rẹ̀ mú pé kí ó má lọ, ṣe ni Kàkó pa á, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí ni ìdí tí n kò fi fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ìwé náà lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí a kà á, kí a sì jiyàn lé e lórí. Iyàn náà wà lára ìwé kíkà.

Ẹ̀kẹta, àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tẹ̀ lé àkọtọ́ tí a ń lò kí ti 1974 tó dé. Ẹ óò rí “aiye” níbi tí a ti ń kọ “ayé”, àti “enia” níbi tí a ti ń kọ “ènìyàn”. Ẹ ka ojú ewé mẹ́wàá, ojú yín yóò mọ́ ọn lára.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má dá a kà nínú ọkàn nìkan. Etí ni a kọ èdè Fágúnwà fún. Ẹ kà á sókè fún ẹnìkan, bí ẹ bá tilẹ̀ rò pé ẹni náà kò fẹ́ gbọ́.

Ìparí ọ̀rọ̀

Kí oṣù méjì tó pé, Bàbá Kékeré ti ka Ògbójú Ọdẹ tán, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gbọ́ Àdììtú tán, bàbá onítàn ogun sì ti dé Òkè Lángbódó. Èyí pé mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ẹni tó gbọ́ kò tíì kà. Bàbá Kékeré ní ẹni tó sunkún sí ìwé ti kà á. Àpótí kò lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà mọ́.

Láti ìgbà náà, ojú Bàbá Kékeré ti ń ṣe bàìbàì, awò ojú kò sì ran ìwé kíkà wọn lọ́wọ́ mọ́. Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi tó kọjá, mo bá ọmọ ayálégbé wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní ẹ̀gbẹ́ wọn lórí àga. Ó ń ka Igbó Olódùmarè fún wọn, ó ń ṣi ohùn ọ̀rọ̀ gbé, Bàbá Kékeré sì ń tún un ṣe. Wọ́n ti dé ibi tí Olówó-ayé ti ń bá Èṣù-kékeré-òde takùrọ̀sọ. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ kò ní irọ́ ni?” Wọ́n ní, “Dákẹ́, jẹ́ kí ọmọdé kàwé.”

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àpótí pọ̀ nílé wa káàkiri, ìyá alákàrà kò sì dẹ́kun àkàrà díndín. Bí ẹ bá lọ fún ìsinmi, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti orí àjà. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ bi ará ilé yín léèrè irú ìtàn tó fẹ́ràn, kí ẹ sì wá ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Ire o.